Líla etí láì ṣí ìbòmú: ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù

Bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí etí sì dí, imú ni ọwọ́ máa ń sáré lọ bá. Ènìyàn á fún un pa, á pa ẹnu dé, á rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú imú tó ti fún pa náà, etí á sì là. Èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè ṣe é nígbà tó bá wù ú. Ti òṣìṣẹ́ tó wọ ìbòmú ọ́síjìn kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tó wọ ìbòjú ńlá tí kì í jẹ́ kí èéfín tàbí kẹ́míkà olóró wọlé. Rọ́bà àti ike ti wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti imú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ ìbòmú, ó sì ń ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ.

Àṣìṣe méjì ni mo máa ń rí. Àwọn kan á fa ìbòmú sísàlẹ̀ “díẹ̀ báyìí” kí wọ́n lè ráyè di imú mú. Àwọn mìíràn á fara da ìrora títí bàálù á fi balẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń fi ẹ̀mí ṣeré. Ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 25,000, ẹni tí kò bá rí ọ́síjìn fà símú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí orí rẹ̀ tó dàrú. Ní 35,000, ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 ni. Ní 40,000, ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 péré. Kò sì ní mọ̀ pé orí òun ti ń dàrú, torí orí náà ló yẹ kó fi mọ̀. Bó bá jẹ́ èéfín tàbí gáàsì olóró ló wà níta, èémí kan ṣoṣo lè ti pọ̀ jù. Ẹni kejì ń fi ìlù etí rẹ̀ ṣeré, yóò sì tún máa gbọ́ ohùn rédíò bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Ọ̀nà kẹta wà. Ọ̀pọ̀ ìbòmú tí wọ́n ṣe fún àwọn awakọ̀ òfuurufú ní ibi kan tí wọ́n dìídì ṣe kí ọwọ́ lè gba ibẹ̀ dé imú láì ṣí nǹkan kan. Ohun tó ṣòro ni pé ènìyàn ní láti mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀, kó tó di pé ó nílò rẹ̀.

Ohun tó ń dí, àti ìdí tó fi ń dí

Lẹ́yìn ìlù etí, yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀: ihò tóóró kan tó ti ẹ̀yìn imú wá, tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lára àgbàlagbà. Orúkọ Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì ní ọ̀rúndún 16, ni wọ́n fi ń pè é. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ihò yìí máa ń wà ní pípadé. Ó máa ń ṣí fẹ́ẹ́rẹ́ bí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán.

Bí bàálù bá ń gòkè, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ìta ń dínkù, afẹ́fẹ́ inú etí sì ń wú. Bí ìyàtọ̀ inú àti ìta bá ti tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́kúrì 15 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́), á fipá ṣí ihò náà fúnra rẹ̀, á sì jáde. Ẹ máa gbọ́ “pó” kékeré, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bàálù bá ń sọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìta ló wá lágbára, ó ń ti ìlù etí wọnú, ó sì ń tẹ ẹnu ihò náà pa. Ó dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan: ẹni tó ń jáde kàn ń tì í kọjá ni, ẹni tó fẹ́ wọlé ló ní láti wá ẹni tí yóò ṣí i fún un. Iṣan ọ̀fun ni aṣọ́nà yẹn. Bí ìyàtọ̀ náà bá sì ti dé mìlímítà mẹ́kúrì 80 sí 90, aṣọ́nà ò ní lágbára mọ́. Ihò ti há. Láti 100 lọ sókè, ìlù etí lè fà ya.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò yìí ló máa sọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ lọ sí imú. Ní ojú òkun, ìfúnpá afẹ́fẹ́ jẹ́ mìlímítà mẹ́kúrì 760. Ní ẹsẹ̀ bàtà 18,000, ó ti di ìdajì, 380. Ṣùgbọ́n kì í dínkù ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá sọ̀ láti 18,000 sí 17,000 kò rí ju ìyàtọ̀ bíi 16 lọ. Ẹni tó bá sọ̀ láti 1,000 dé ojú òkun rí nǹkan bíi 27. Ìyẹn ni pé bí ilẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ni etí túbọ̀ ń wà nínú ewu, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dí jù. Ẹsẹ̀ bàtà 3,000 tó kẹ́yìn nìkan tó ìyàtọ̀ 79. Ẹni tí kò bá la etí rẹ̀ rárá láti ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ihò ti ń há kí táyà tó kan ilẹ̀.

Nínú bàálù èrò, ẹ̀rọ máa ń rọra dá ìfúnpá inú yàrá padà, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 300 sí 500 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà àyè wà. Bàálù ogun tàbí hẹlikópítà tó ń sọ̀ ní 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kò fúnni ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ẹsẹ̀ bàtà 3,000 tó kẹ́yìn yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Mo pín wọn sí mẹ́ta, bí ọwọ́ ṣe lè dé imú.

Èkínní ni ìbòmú tó bo imú àti ẹnu nìkan, tí apá imú rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀. Ike líle tó gbé e dúró kì í dé apá yẹn. Wọ́n gé e kúrò níbẹ̀ kí ìka lè ráyè. Àtàǹpàkò lápá kan, ìka ìfábẹ̀lá lápá kejì, ẹ fún rọ́bà náà pa mọ́ imú. Èyí ló rọrùn jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ bàálù ogun mọ̀. Àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun ti mọ irú ọgbọ́n yìí tipẹ́: awò ojú tí wọ́n ń wọ̀ ní àpò rọ́bà fún imú, nítorí iṣẹ́ yìí kan náà. Omi àti òfuurufú, etí kan náà ló ń jìyà.

Èkejì ni ìbòjú tó bo gbogbo ojú tàbí gbogbo orí, irú èyí tó wà fún gáàsì olóró. Iwájú rẹ̀ le, ìka ò lè fún un pa. Nínú irú wọ̀nyí, wọ́n máa ń fi ohun èlò kékeré kan sí i: tìmùtìmù méjì wà nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò imú, bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá kékeré wà níta. Bí ẹ bá tẹ tìta, tinú á fún imú pa. Àwọn mìíràn kì í fún imú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pèpéle rírọ̀ kan ló wà lábẹ́ imú, tí ẹ ó fi ìbòjú náà tì sókè títí ihò imú méjèèjì á fi jókòó lé e, tí yóò sì dí. Mo fẹ́ràn ti tìmùtìmù ju ti pèpéle lọ, torí títi ìbòjú sókè lè mú kí etí rọ́bà rẹ̀ gbé kúrò lára àgbọ̀n, ibi tí etí rọ́bà bá sì ti gbé ni afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò ní ọ̀nà kankan sí imú. Àwọn ìbòmú kan tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú bàálù èrò, tí òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ kan gbé wọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, wà nínú èyí. Yíyára ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe etí. Ìbòrí èéfín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò, tó gbọ́dọ̀ lè pèsè èémí fún ìṣẹ́jú 15, náà lè rí bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ìbòmú kékeré mìíràn bá tún wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní irú èyí ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń la etí láì fọwọ́ kan imú. A máa débẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ ìkan tí tiyín jẹ́, ẹ gbé e lónìí, kí ẹ fọwọ́ wá a.

Wíwọ̀ àti dídán an wò lórí ilẹ̀

1. Ẹ fá irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n tó wà lábẹ́ etí rọ́bà kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń jò, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá imú ló dí dáadáa tàbí kò dí.

2. Ẹ má fi ìpara olóròóró kankan sójú, tàbí sí ètè. Ọ́síjìn tó mọ́ gaara àti òróró kì í bára wọn ṣọ̀rẹ́. Wọ́n lè gbiná. Ètè tó gbẹ kò tó nǹkan tí a ń torí rẹ̀ jóná.

3. Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ máa ń wọ̀ lójú iṣẹ́: akoto, ìbọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀. Mo mọ àwọn tó mọ imú wọn í dì dáadáa pẹ̀lú ọwọ́ lásán, àmọ́ tí ìbọ̀wọ́ nípọn sọ wọ́n di ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹ lo ọwọ́ tí kò sí lórí ìdarí bàálù. Bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni yóò wà lófìfo, òsì ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

4. Ẹ wá imú láì wo dígí. Ẹ fún un pa, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ gbìyànjú láti rọra mí síta gba imú. Bí ẹ bá gbọ́ ìró “ṣìììì”, tàbí tí ìbòmú náà lóoru lójijì, afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìmùtìmù. Kò tíì dí.

5. Bí kò bá dí, ẹ má ṣe túbọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tún un ṣe. Imú ènìyàn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Tìmùtìmù tó bá imú pẹlẹbẹ mu lè má kan imú tóóró rárá, ó sì lè jẹ́ pé ìtúnṣe kékeré tàbí ìwọ̀n ìbòjú mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

6. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tu imú sílẹ̀, ẹ yẹ etí rọ́bà wò: ṣé ó ṣì lẹ̀ mọ́ ara yíká? Ẹ fọwọ́ dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ẹ fa èémí díẹ̀. Bí ìbòmú bá fà mọ́ ojú tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó dára. Fún àwọn tó ń wọ ti gáàsì olóró, ìgbésẹ̀ yìí ni kò yẹ kí wọ́n fò láé.

Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí a ń gbà la etí

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Antonio Maria Valsalva, oníṣègùn ará Bologna tó gbé ayé láti 1666 sí 1723. Ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe nípa etí ní 1704. Kò sí bàálù nígbà náà, dájúdájú. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí èéyún yóò gbà jáde nínú etí tó ń ṣe ènìyàn. Ẹ̀yin ẹ fún imú pa, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ rọra fẹ́ láti inú àyà bí ẹni fẹ́ fọn ikun imú ọmọ ọwọ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ti tó. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ gbé itọ́ mì, kí ẹ gbọ́ bóyá etí méjèèjì ti là. Bí kò bá là, ẹ mí dáadáa kí ẹ tó tún un ṣe.

“Rọra” ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀. Fífẹ́ tó le lè ṣe etí inú lọ́hùn-ún léṣe, ibi tí gbígbọ́ àti ìdúróṣánṣán wà. Fífẹ́ tó pẹ́ sì ń dí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn lọ́wọ́, èyí tó lè mú kí orí fúyẹ́. Kò sí ẹni tó yẹ kó ṣe irú èyí lójú ìyípo bàálù ogun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sá kúrò lórí tẹ́lẹ̀.

Joseph Toynbee, oníṣẹ́ abẹ etí ní ìlú London ní ọ̀rúndún 19, ló ni ọ̀nà kejì: ẹ fún imú pa, kí ẹ sì gbé itọ́ mì. Kò sí fífẹ́ kankan. Iṣan ọ̀fun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ihò. Kò léwu, àmọ́ kì í fi agbára tì í. Bí etí bá ti dí gan-an, ó lè má tó. Ẹnu sì máa ń gbẹ lábẹ́ ọ́síjìn, torí ọ́síjìn inú bàálù kì í ní omi nínú. Ẹ mu omi kí ẹ tó wọlé, torí ẹnu tó gbẹ kò ní itọ́ tí yóò gbé mì.

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù ni ti Hermann Frenzel, dókítà etí ará Jámánì tó fi kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù tó ń já lulẹ̀ láti ju bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ wo ipò wọn: bàálù dojú kọ ilẹ̀ tààrà, ìfúnpá ń yí padà wàràwàrà, kò sí àyè láti máa fẹ́ láti inú àyà. Ahọ́n ni Frenzel sọ di pọ́ǹpù. Ẹ fún imú pa, ẹ di ọ̀fun bí ẹni fẹ́ gbé ẹrù wúwo, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ahọ́n ti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu sókè àti sẹ́yìn. Àwọn olùkọ́ òyìnbó máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bí ẹni fẹ́ pe “k”. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní ohun tó dára jù ú lọ: ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ pe “gbà”, kí ẹ dúró sórí “gb” láì jẹ́ kó jáde. Ètè ti pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n ti gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá di imú mú tí ẹ fi ìka kejì kan ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ẹ ó rí i pé gògóńgò ń fò sókè. Ìyẹn ni àmì pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kò lo àyà, kì í pẹ́, ènìyàn sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó mí lẹ́ẹ̀kan.

Fún àwọn tí ìbòmú wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún imú, ó ku àgbọ̀n àti ọ̀fun. Ẹ gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Ẹ yán pẹ̀lú ẹnu pípadé. Àwọn kan tilẹ̀ lè mú kí ihò etí ṣí nípa ríro ó nìkan, láì yán, láì gbé nǹkan kan mì. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Faransé ti ń kọ́ àwọn òmùwẹ̀ wọn ní èyí tipẹ́. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń mọ̀ ọ́n. Ìtọ́ka kan: bí ẹ bá ń yán tí ẹ gbọ́ ìró wúruwùru nínú etí, tí ohùn ara yín sì dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kòtò, ihò náà ti ṣí. Ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe mú u dúró bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́

Láti òwúrọ̀ ni. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ la etí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti là lórí ilẹ̀, níbi tí kò sí ìyàtọ̀ ìfúnpá kankan, ẹ má retí pé yóò là lókè. Ẹ má fò lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Lọ́dún kan, ọ̀fìnkìn ti mú mi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti ń lọ. Gígòkè kò ṣe mí ní nǹkan kan, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí a ń sọ̀, ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 4,000, ó dà bí ẹni ki irin wọ etí òsì mi. Mo fẹ́ ẹ, ó kọ̀. Dípò kí n sọ fún ẹnìkejì mi, mo tún fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ ni mo fi jókòó sílé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìlù etí, fún iṣẹ́ ọjọ́ kan tí ẹlòmíràn ì bá bá mi ṣe.

Ní ti oògùn: ẹ má fúnra yín lò ó. Oògùn ọ̀fìnkìn púpọ̀ ń mú oorun wá. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú ń ṣí i fún wákàtí díẹ̀, ó lè tán lójú ọ̀run kí imú tún wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn awakọ̀ òfuurufú lè ní kí ẹ mú ọ̀kan dání fún ìpọ́njú, kí ẹ lè fi sọ̀ kalẹ̀ láìléwu. Àtisọ̀ kalẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe àtigòkè.

Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ kàn máa gbé itọ́ mì. Kò sí ìdí láti fún imú pa. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ kún etí tó ti ń wú tẹ́lẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání.

Ìgbà tí awakọ̀ bá pinnu láti sọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ la etí kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000, kí ẹ sì sọ ọ́ di 500 nígbà tí ẹ bá ti wà lábẹ́ 5,000. Ẹni tó bá dúró de ìrora ti pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ bá ń sùn lásìkò ìsinmi rẹ̀, ẹ jí i kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹni tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì déédéé.

Bí etí bá dí tí kò là lẹ́yìn ìgbìyànjú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dúró. Ẹ sọ ọ́ jáde. Bí àyè bá wà, kí awakọ̀ dúró ní gíga kan náà, tàbí kí ó padà gòkè díẹ̀ títí ìrora á fi rọ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti la etí, kí ẹ wá sọ̀ ní ìwọ̀nba. Gígòkè padà yìí máa ń dà bí ìfàsẹ́yìn lójú àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń dín ìyàtọ̀ tó há ihò náà kù. Fífẹ́ kíkankíkan kò lè ṣe é.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kó má bàa já yín láyà. Nígbà mìíràn, etí kan á là, èkejì á ṣì dí, òòyì á sì kọ́ni lójijì bí ẹni tí wọ́n fi okùn yí. Ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò lára àwọn aago bàálù. Ẹ má mi orí. Ó sábà máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Sísọ̀ pàjáwìrì ni ìdánwò tó le jù. Ká ní afẹ́fẹ́ inú bàálù tú jáde ní 35,000. Etí yóò kọ́kọ́ tú ti inú rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà bàálù á já wálẹ̀ sí 10,000: láti ìfúnpá 179 dé 523, ìyàtọ̀ 344 láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, pẹ̀lú ìbòmú lójú. Èyí ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó lè há ihò náà lọ. Ètò tó yẹ kó wà lórí ni: ìbòmú lójú ná, ọ́síjìn ń wọlé, ẹ ti bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni etí. Kì í ṣe pé etí kò já mọ́ nǹkan, àmọ́ ẹni tó dákú kò ní mọ̀ pé etí ń dun òun. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ la á láìdáwọ́dúró. Ọ̀nà Frenzel ló ń gbani nírú ọjọ́ yìí.

Àwọn tó bá ní àǹfààní láti lọ sí yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ lọ. Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé gbogbo ènìyàn gòkè sí 5,000, kí wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀, láti mọ ẹni tí etí rẹ̀ kò ní là. Ibẹ̀ lẹ ti lè fọwọ́ sókè láìtijú.

Lẹ́yìn ìbalẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ etí ti parí bí táyà bá ti kan ilẹ̀. Fún ẹni tó fi wákàtí púpọ̀ fa ọ́síjìn gidi, kò tíì parí. Ọ́síjìn yẹn ti kún yàrá etí, ara sì máa ń fà á mu. Afẹ́fẹ́ lásán ní gáàsì kan tó ń jẹ́ nitrogen nínú, tí ara kì í tètè fà. Ọ́síjìn nìkan kò ní ohun tí yóò ṣẹ́kù. Bó ṣe ń tán ni etí ń fà wọnú. Ẹ balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, etí là kedere, ẹ lọ sùn. Ẹ jí láàárín òru tàbí lówùúrọ̀ pẹ̀lú etí tó dí pátá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìrora, bí ẹni pé bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: bí ẹ bá ti ṣí ìbòmú, ẹ la etí ní ìgbà mélòó kan pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán, kí ẹ tún un ṣe ní wákàtí díẹ̀ sígbà náà, kí ẹ má sì tètè sùn. Afẹ́fẹ́ tuntun á rọ́pò ọ́síjìn náà.

Bí ìrora bá kọ̀ tí kò lọ, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá jáde ní etí, tí ẹ kò bá gbọ́rọ̀ dáadáa, tàbí tí òòyì ṣì ń kọ́ yín lórí ilẹ̀, dókítà ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ má sì fò títí yóò fi ní kí ẹ padà. Ẹ má fi oògùn kankan sínú etí kó tó wò ó. Bí ìlù etí bá ti ya, ẹ kò mọ ibi tí oògùn náà ń lọ.

Ìbòmú náà kù. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le nù ún, tàbí ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ní kí ẹ fi nù ún, ẹ má fi epo kankan kàn án. Òógùn máa ń gbẹ sí ìtòsí tìmùtìmù imú, ọ̀pọ̀ kì í ranti ibẹ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n wò: bí rọ́bà náà bá ti le, tí ó bá ti sán, tàbí tí bọ́tìnnì bá ń pẹ́ kó tó padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kúrò lójú oòrùn, kí ẹ gbé e kọ́ ní ọ̀nà tí nǹkan kan kò ní tẹ apá imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí rọ́bà tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan wà ní títẹ̀ kì í padà bọ̀ sí bó ṣe wà.